Kí Ẹ Tó Tẹ̀ka sí Ìwé Ilẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1987, ní Koko, ìlú kékeré kan létí omi ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn, ọkùnrin kan fi àgbàlá rẹ̀ háyà fún oníṣòwò ará Ítálì kan. Owó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí tó nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ni àlejò náà tò síbẹ̀, májèlé láti àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ló sì wà nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé sílé ní 1988 láti ta wá lólobó. Ariwo sọ, ìjọba fi agídí mú kí wọ́n kó ẹrù wọn padà, àmọ́ àwọn dúrọ́ọ̀mù kan ti jò kí ọkọ̀ ojú omi tó wá gbé wọn.

Ẹ wò ó dáadáa, àdéhùn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onílé gbowó, ayálégbé gbàyè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni ohun tí ẹrù náà lè ṣe sí erùpẹ̀, sí kànga, àti sí ẹni tó ń sùn nítòsí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò àyíká, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́ yín lónìí ni bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú àdéhùn tí yóò fi múlẹ̀.

Lọ́kọ́ja ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ohunkóhun tó bá dà sílẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ dé omi. Ilẹ̀ agbègbè náà sì lówó lórí. Mábù wà ní Jakura, òkúta irin wà lórí òkè Agbaja, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà ní Obajana, àwọn oníyanrìn ò sì kúrò létí odò. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí ló jẹ́ ti ìdílé, pàápàá láàárín àwọn ará wa Òwórò. Ẹni tó fẹ́ gbà á sì lè gbé ìwé àti owó wá lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ojú tó ti rí owó kì í fẹ́ ka ìwé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Koko ni ìjọba ológun ṣe òfin lóríṣiríṣi lórí àyíká, èyí tó sì kàn wá jù ni Decree 86 ti ọdún 1992, tí àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní EIA. Ó ní kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe aládàáni, má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè pa àyíká lára láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ipa rẹ̀ wò. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin dárúkọ tààrà pé àyẹ̀wò wọn di dandan. Òkúta fífọ́ láàárín kìlómítà 3 sí ibi táwọn èèyàn ń gbé tàbí tí wọ́n ń ṣòwò wà lára wọn. Ìwakùsà lórí ilẹ̀ tuntun tó ju hẹ́kítà 250 lọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn wíwà lórí hẹ́kítà 50 sókè.

Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 tún fi tirẹ̀ kún un. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà kì í ṣe ìdílé ló ń fún èèyàn láṣẹ láti wa kùsà. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà náà ní kí ẹni tó gbàṣẹ má fi ọkọ́ kan ilẹ̀ títí wọn yóò fi fọwọ́ sí àyẹ̀wò rẹ̀, títí yóò fi bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, títí yóò sì fi sanwó gbà-má-bínú fún àwọn tó ń lo ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ètò bí yóò ṣe tún ilẹ̀ ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àṣẹ ńlá lè tó ọdún 25. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i yóò ti di bàbá ọmọ kó tó parí.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, bí òfin bá ti sọ gbogbo èyí, kí ló kù tí a fẹ́ kọ sínú àdéhùn? Ìdáhùn mi ni pé òfin ìjọba ń ṣọ́ àyíká fún ìjọba, àdéhùn ni yóò ṣọ́ ọ fún yín. Ẹ wo ìjìyà tó wà nínú òfin 1992: ẹnì kan tó bá rú u yóò san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, ilé iṣẹ́ yóò san láti 50,000 sí mílíọ̀nù kan náírà. Mílíọ̀nù kan! Owó tí ilé iṣẹ́ tó ń fi dáínámáìtì fọ́ òkè lè ná sórí dísẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ díẹ̀ ni. Àpò ìjọba sì ni ìtanràn náà ń wọ̀, kò sí kọ́bọ̀ tí yóò dé orí kànga yín níbẹ̀. Àdéhùn tó gún régé ló lè jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sì gba owó ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé: "Ẹni tó háyà ilẹ̀ yìí yóò pa òfin àyíká mọ́." Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi wé èyí: "Ẹni tó háyà ilẹ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kankan wọ̀ ọ́ títí yóò fi fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò àyíká àti ìròyìn rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ lé onílẹ̀ lọ́wọ́. Bí oṣù 12 bá kọjá láìrí i, àdéhùn yìí ti parí, owó àkọ́san kò sì ní padà." Èkejì ní ọjọ́, ó ní ohun tí a lè fojú rí, ó sì ní ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é. Kí ẹ sì rí i pé ìròyìn náà gan-an tẹ̀ yín lọ́wọ́, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí nìkan. Inú ìròyìn ni ìlérí wà, níbi tí wọ́n ti sọ bí wọn yóò ṣe dá eruku dúró àti aago mélòó ni wọn yóò máa fọ́ òkúta. Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ pé àwọn ìlérí yẹn ti di apá kan àdéhùn.

Nǹkan tí mo kà sí pàtàkì jù rèé. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí kí àlejò tó dé. Láyé ìṣákọ́lẹ̀, àgbẹ̀ tó wá tọrọ ilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pẹ tó bá níbẹ̀ ti onílẹ̀ ni, kò sì lè gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ òde òní kò mọ àdúgbò, kóòtù náà kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà ìwé ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi kànga àti omi odò lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ ya fọ́tò àwọn ògiri ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lọ́la pé ògiri ti là kí dáínámáìtì tó dún. Kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìdílé. Ẹni tó háyà ni kó sanwó rẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, ẹjọ́ tí ẹ bá gbé lọ sí kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò di ọ̀rọ̀ "ó wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀".

Ohun tí mo sọ yìí kan ilẹ̀ kékeré pẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kò sí nínú àwọn iṣẹ́ tí òfin dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀ lójoojúmọ́ lè ba kànga ẹni kejì jẹ́. Níbi tí òfin ti dákẹ́, àdéhùn nìkan ló kù. Ní Lọ́kọ́ja, ẹ fi ọ̀rọ̀ omíyalé kún un. Ní 2012 àti 2022, omi bo Adankolo, Ganaja àti àwọn àdúgbò mìíràn tó wà létí odò, àwọn arìnrìn-àjò há sójú ọ̀nà Àbújá ní 2022. Ẹni tó bá fẹ́ kó epo tàbí kẹ́míkà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tí yóò kó o lọ nígbà tí ìjọba bá kìlọ̀ pé omi ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan o. Ní 1953, ní ìlú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Hooker Chemical ta ilẹ̀ tí wọ́n ti ri kẹ́míkà mọ́ lábẹ́ fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní dọ́là kan péré. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé pàǹtírí kẹ́míkà wà níbẹ̀, àti pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ kò kan àwọn. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, èèyàn kọ́lé yí i ká. Ní 1978, ààrẹ Carter kéde ìjàǹbá ní Love Canal, wọ́n sì kó àwọn ìdílé kúrò. Ìwé yẹn kò gba ẹnì kankan lọ́wọ́ ìyà, kò sì gba ilé iṣẹ́ náà pátápátá: ní 1995, ilé iṣẹ́ Occidental tó ra Hooker gbà láti san mílíọ̀nù 129 dọ́là fún ìjọba. Ibi tí ẹ bá ti rí i nínú ìwé yín pé onílẹ̀ gba ilẹ̀ padà "bó ṣe wà", ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé wọn yóò tún àyẹ̀wò ṣe lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọn yóò fi wé ti àkọ́kọ́, wọn yóò sì fi owó àtúnṣe sí báńkì láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí àdéhùn náà sì de ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tún gbé ilẹ̀ náà fún.

Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìròyìn EIA, wọ́n máa ń gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á, lára ibi tí wọ́n sì máa ń gbé e sí ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká. Bí ẹ bá gbọ́ pé ti àdúgbò yín ti dé, ẹ mú ọmọ tó mọ̀wé dání, ẹ lọ kà á, ẹ kọ èrò yín sórí ìwé, kí ẹ sì ní kí wọ́n bu òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín.