BÍ A TI Ń FỌ FỌ́TÒ NÍNÚ YÀRÁ ÒKÙNKÙN

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ìfọ́n ni ó ti jókòó níwájú ayafọ́tò rí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láti fọ fọ́tò dúdú-àti-funfun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti gba ọgbọ́n tó, kí ó gbọ́ ohun tí àwọn ayafọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún máa ń ṣe fún ìyá ìbejì.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi jókòó ti ara wọn. Bí ó bá ṣe pé ọkùnrin ni ó kú, tí obìnrin sì kù, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọn a sì tún un yà. Ní ilé mìíràn, fọ́tò yìí ni ó gba ipò ère ìbejì.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Bébà fọ́tò ní èròjà fàdákà lára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn ni yóò dúdú nínú omi oògùn. Ohun tí ó funfun a máa dúdú lára fíìmù, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú fíìmù kọjá ni yóò dá ohun gbogbo padà sí bí ó ti yẹ. Iná pupa nìkan ni a ń tàn nínú yàrá, nítorí kò lè ba bébà jẹ́.

Ayafọ́tò a fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, a tan iná ẹ̀rọ sí ìdajì kejì, a sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà a sún bébà, a bo ìdajì tí ó ti gba ìmọ́lẹ̀, a sì tan iná fún iye àáyá kan náà gẹ́lẹ́. Bí ìdajì méjèèjì bá gun ara wọn, ìlà dúdú yóò là á láàárín; bí àlàfo bá wà, ìlà funfun ni. Bí kíkà kò bá dọ́gba, ọmọ kan yóò ṣú ju èkejì lọ, ìyá yóò sì rí i. (Mo gbà pé ọmọ onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun yóò tètè mọ iṣẹ́ yìí, nítorí kíkà tí kò sáré, tí kò sì falẹ̀, ni olórí rẹ̀.) Kí a tó tẹ̀ ẹ́, a ó ti kọ́kọ́ dán ìrépé bébà kan wò, a ó máa sún páálí lórí rẹ̀ ní àáyá 5-5, a ó sì yan èyí tí ó dára jù.

Omi mẹ́ta ni ó kù. Èkíní ni ó ń yọ àwòrán jáde, ní ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ó yẹ kí ó tutù tó ìwọ̀n 20 Celsius. Nítorí ooru ilẹ̀ wa, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi àmù. Ẹ má ṣe tètè yọ bébà nítorí pé ojú ọmọ ti hàn. Èkejì, omi kíkan, ni ó ń dá iṣẹ́ èkíní dúró. Ẹ̀kẹta, tí a ń pè ní haípò, ni ó ń kó fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò. Lẹ́yìn èyí ni fífi omi mímọ́ ṣàn án, ó sì lè tó wákàtí 1. Ẹni tí ó bá kánjú níhìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára lójú lónìí, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń lọ, àwòrán náà yóò pọ́n bí ewé gbígbẹ, ìyá tí kò sì ní òmíràn yóò pàdánù ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, kí ayé tó mọ̀ ọ́n fún àwòrán irun dídì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọdún 1968. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 24 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.