Ọpọlọ Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún, níbi tí mẹkáníìkì lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ kí ó lè mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ náà. Nítorí pé púpọ̀ nínú tòkúnbọ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà ti Amẹ́ríkà wá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń kó èrò àti ẹja láti Igbókọ̀dá, Òde Mahin àti agbègbè wọn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ẹni tí ń dáhùn láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni brain box, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń pè é, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ní tirẹ̀, jíà náà ní tirẹ̀, wáyà ì bá sì pọ̀ jù bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ní láti ní wáyà tirẹ̀ sí èkejì. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì fi gbé ìlànà CAN jáde ní 1986: wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, bí ìgbà tí agogo ọba dún yí ìlú ká, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì dá a mọ̀.

Sẹ́ńsọ̀, ohun èlò tí ń wọn ooru, afẹ́fẹ́ tàbí eré, ni ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tí ń wo ọ́síjìn tí ó kù nínú èéfín kì í fi ju nǹkan bí 0.1 sí 0.9 fólítì ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 12 ni ti bátìrì. Ibí yìí gan-an ni etí òkun ti ń ṣe ọkọ̀ ní ibi, nítorí pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ àti omi ojú ọ̀nà lásìkò òjò ń wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó so wáyà mọ́ sẹ́ńsọ̀, bàbà inú rẹ̀ á dípẹtà, á yọ àwọ̀ ewé, ìdíwọ́ tí iná iwájú ọkọ̀ kò sì ní kà sí á ba ìròyìn sẹ́ńsọ̀ jẹ́ pátápátá. Kọ̀ǹpútà á tan iná check engine, á sì fi kóòdù pamọ́ fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò. P0130, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí ìlà iná sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn wà lórí ìlà náà. Ó dun ni pé sẹ́ńsọ̀ tuntun ni àwọn mẹkáníìkì kan máa ń kọ́kọ́ ní kí onímọ́tò lọ rà, nígbà tí ó yẹ kí rẹwáyà kọ́kọ́ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, kí ó sì fọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ tún ń bá ayé ìta sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ OnStar ní 1996, kí awakọ̀ lè fi bọ́tìnnì kan pe ìrànlọ́wọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2018, òfin Yúróòpù béèrè pé kí irú ọkọ̀ tuntun máa pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, fúnra rẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbára lé: nígbà tí ilé iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà, AT&T ti nẹ́tíwọ̀kì 3G rẹ̀ pa ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pàdánù ìpè wọn. Kí ẹni tí ń ra tòkúnbọ̀ má ṣe sanwó kún owó nítorí bọ́tìnnì SOS tí a ṣe fún ilẹ̀ mìíràn. Ohun tí ó wúlò fún un ni tíráká tí ó ní síìmù Nàìjíríà, tí ń gba ibi tí ọkọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, irú èyí tí ó bá ní ibi ìpamọ́ á tọ́jú ìròyìn náà títí yóò fi tún rí nẹ́tíwọ̀kì.

Ní èbúté, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Yamaha Enduro tí ń lo kábúrétọ̀ kò ní brain box, sípánà sì tó láti tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Àwọn ẹ́ńjìnnì ojú omi ìgbàlódé ti ní kọ̀ǹpútà tiwọn, orí CAN yìí kan náà sì ni wọ́n gbé NMEA 2000 kà, ìlànà tí àwọn ohun èlò inú ọkọ̀ ojú omi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.