Awọ Fẹ́lẹ́ àti Awọ Onípele: Èdè-Ìperí fún Dígí Ìtànṣán X

"Kíkùn" ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ògbufọ̀ nígbà tí ó bá kà nípa irin tí a tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú dígí. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ògiri. Kò yẹ dígí awò ìtànṣán X. Bí ọ̀dà ògiri bá nípọn jù, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ní ti dígí yìí, ìnípọn gan-an ni iṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ ayé a máa gbé ìtànṣán X tí ó ti ojú ọ̀run wá mì, ìdí nìyí tí a fi ń gbé awò rẹ̀ kọjá afẹ́fẹ́. Bí ìtànṣán náà bá kọlu dígí ní tààrà, inú dígí ni yóò wọ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ojú dígí, yóò ta padà, gẹ́gẹ́ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ sójú odò ti í ta lórí omi. "Ìtapadà onígun kékeré" ṣe é pè é.

Irídíọ̀mù ni ó wà lójú dígí Chandra, tí Amẹ́ríkà gbé lọ sójú òfuurufú ní 1999. Ìnípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nánómítà 33. Ìpele kan ṣoṣo ni. "Awọ fẹ́lẹ́" tó fún un. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí agbára rẹ̀ ju nǹkan bíi keV 10 lọ kì í fẹ́ ta padà lára irú awọ bẹ́ẹ̀.

Níbí ni NuSTAR, ti ọdún 2012, ti yàtọ̀. Dígí 133 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan awò rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan nínú èkejì bí èèpo àlùbọ́sà. Plátínọ́ọ̀mù àti kábọ̀nù ni wọ́n tẹ́ léra wọn lójú 89 tí ó wà nínú. Túńgísítìnì àti sílíkọ̀nù ni ti 44 tí ó wà lóde. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń dá ìwọ̀nba díẹ̀ padà. Bí ìnípọn bá bá gígùn ìgbì mu, àwọn ìgbì tí ń padà yóò ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ìpele òkè nípọn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ìtànṣán alágbára tí ó bá wọlé jinlẹ̀ lè bá ìpele tí ó bá a mu pàdé. Báyìí ni awò náà fi ń ríran dé keV 79. "Awọ onípele" ni èyí.

Àwọn kan ti ń lo "fíìmù", ṣùgbọ́n sinimá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò. "Ìpele" nìkan, ẹ̀wẹ̀, lè di ti ilé-ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ má sì ṣe fi àmì ohùn sílẹ̀: "awọ" àti "àwọ̀" kì í ṣe ọ̀kan náà, inú ọ̀fìn ọ̀dà tí a ń sá fún ni àṣìṣe yẹn yóò tún gbé akẹ́kọ̀ọ́ sí.

Fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, "fífi awọ bò" ni ó tọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, níbi tí wọ́n ti fi awọ bo dígí NuSTAR, inú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀ ni átọ́ọ̀mù ti ń fò kúrò lára irin, tí ó sì ń bà lé gíláàsì.