Ìdílé Puttkamer: Láti Oko Prọ́síà dé Òkè Buea

Ìbéèrè: Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ọ̀kà-Àkókó. Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé baba ńlá mi bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ gbógun ti àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù. Bí mo ṣe ń kàwé nípa ogun yẹn ni orúkọ kan ń yọjú ṣáá: von Puttkamer. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gágun, ọ̀kan jẹ́ mínísítà, ọ̀kan jẹ́ gómìnà, ọ̀kan tún jẹ́ aya Bismarck, olórí ìjọba Jámánì nígbà kan rí. Ṣé ìdílé ọba ni wọ́n ni?

Ìdáhùn: Wọn kì í ṣe ìdílé ọba. Ẹ̀yin ọmọ Ìkàrẹ́ mọ̀ pé ilé tí Olúkàrẹ́ ti ń jáde yàtọ̀ sí ilé tí ìjòyè ti ń jáde. Ilé ìjòyè ni ti Puttkamer. Onílẹ̀ ni wọ́n ní Pomerania, létí Òkun Baltic, ní ìjọba Prọ́síà tó di ara Jámánì lẹ́yìn náà. Bí ilẹ̀ kò bá kárí gbogbo ọmọkùnrin, àwọn kan a gba iṣẹ́ ológun, àwọn kan a gba iṣẹ́ ìjọba. Ọba Prọ́síà jẹ́ kí wọ́n máa pàṣẹ fún àwọn àgbẹ̀ oko wọn, àwọn náà sì ń fi ọmọ wọn sìn ín lójú ogun. Georg Ludwig von Puttkamer, ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin, kú sógun Kunersdorf ní 1759.

Johanna, ọmọbìnrin ìdílé yìí, fẹ́ Bismarck ní 1847, nígbà tí òkìkí ọkọ rẹ̀ kò tíì kàn. Robert, ọmọ ìdílé kan náà, di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Prọ́síà láti 1881 sí 1888, kò sì fàyè gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń ṣe ẹgbẹ́ alátakò. Ṣáájú ìyẹn, ní 1880, ó ṣe òfin tuntun fún àkọtọ́ èdè Jámánì ní ilé ìwé. Bismarck tó jẹ́ àna ìdílé wọn ló kọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti lò ó! Ẹbí ní ti ẹbí, ìṣèlú ní ti ìṣèlú.

Ọmọ Robert yìí, Jesko, ló kàn wá jù. Ó ṣojú Jámánì ní Èkó fúngbà díẹ̀, ó ṣàkóso Tógò, ó sì di gómìnà Kamẹrúùnù ní 1895. Ó gba ilẹ̀ àwọn Bakweri ní ẹsẹ̀ òkè Kamẹrúùnù, ó fi í fún àwọn ilé iṣẹ́ oko ńláńlá, ó sì kó ìjókòó ìjọba kúrò ní Douala lọ sí Buea tó tutù. Ilé gọgọrọ tó kọ́ síbẹ̀ ṣì wà títí dòní.

Ní 1905, àwọn ìjòyè Akwa ní Douala kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin: iṣẹ́ ipá, ẹgba, ilé wíwó. Ẹ̀wọ̀n ni ìjọba gómìnà fi dá wọn lóhùn. Àmọ́ ìwé ti dé Berlin, ariwo sì ti ta. Èyí tó tún ba gómìnà lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá bíi tirẹ̀ ni ti obìnrin kan tí kì í ṣe aya rẹ̀, tó fún ní ìwé ìrìnnà pẹ̀lú orúkọ ọlọ́lá, tó sì ń pè ní ìbátan. Orúkọ ìdílé ló gbé ọkùnrin yìí dépò; orúkọ ọlọ́lá tó yá ẹlòmíràn wà lára ohun tó bì í ṣubú. Ó kúrò lórí oyè ní 1907.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ má fi Bismarck bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn àwọn Akwa ni kí ẹ fi ṣíde, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni tí ìyà ń jẹ. Ní ti baba ńlá yín, ẹ bi àwọn àgbà nílé bóyá Garua ló máa ń dárúkọ ni tàbí Douala. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba ọ̀nà Yola lọ sí Garua ní àríwá Kamẹrúùnù, tó bọ́ sọ́wọ́ wọn ní Okúdù 1915. Àwọn mìíràn gba ojú òkun dé Douala. Ibi tó bá dárúkọ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ẹgbẹ́ ogun tó bá lọ.