Ẹ̀KỌ́ GẸ̀Ẹ́SÌ: “To turn a blind eye”

Àkànlò èdè kan tí a máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn àti nínú lẹ́tà ìjọba ni “to turn a blind eye.” Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè rò pé afọ́jú ni ó ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn rí ohun kan, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ Nelson, ọ̀gágun orí omi wọn, ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ lójú ogun ní 1794. Nínú ogun Copenhagen ní 1801, ọ̀gá rẹ̀ gbé àsíá sókè pé kí ó dáwọ́ ìjà dúró. Ìtàn sọ pé Nelson gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí ojú tí kò ríran, ó ní òun kò rí àmì kankan, ó sì ń jà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá “mójú kúrò” ti Yorùbá dọ́gba nígbà gbogbo. Ìyá tí ó mójú kúrò nínú àṣìṣe ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ pé ọlọ́pàá kan “turned a blind eye” sí àwọn onífàyàwọ́, ẹ̀sùn ńlá ni: ó rí wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ nípa ẹlòmíràn, kí ó dá a lójú pé onítọ̀hún rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó rí, tí ó sì dijú, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.