Ẹran Kékeré Inú Ìgò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Fidjrossè mọ ọ̀rọ̀ ẹja dáadáa. Bí àwọn apẹja bá fa àwọ̀n dé etí òkun, ẹja kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn. Ẹlòmíràn a fi yìnyín sí i, ẹlòmíràn a yan án. Ẹja tí a bá sì ti yan kò lè di ẹja tútù mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara ènìyàn tí dókítà gé fún àyẹ̀wò.

Bí kókó bá wà ní ọmú, tàbí ní ibòmíràn lára, dókítà lè gé díẹ̀ nínú rẹ̀, bíi wóró ẹ̀wà kan. Wọn yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Máíkírósíkópù ni à ń pe awò náà.

Kí ẹran náà má baà bàjẹ́, wọ́n á fi í sínú omi kan tí ń ta ènìyàn nímú. Formol ni orúkọ rẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Májèlé ni o! Ẹ má ṣe ṣí ìgò náà, ẹ má sì fi í fún ọmọdé gbé.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ọtí sípíríìtì fa omi ara ẹran náà gbẹ, wọ́n á sì rì í sínú ìda gbígbóná. Bí ìda bá dì, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Bí a bá to irú rẹ̀ 200 lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní nípọn ju mìlímítà 1 lọ.

Wọ́n á wá pa á láró. Aró kan ń mú kóró inú sẹ́ẹ̀lì dúdú bí ẹ̀lú, èkejì ń mú ìyókù pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Inú igi kan tí ń hù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rí aró àkọ́kọ́. Ẹ̀yin aláró, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ yín kò kéré!

Ṣùgbọ́n formol kò dára fún gbogbo àyẹ̀wò. Ẹ wo àrùn Buruli, tí ń jẹ awọ ara, tí wọ́n ń tọ́jú ní Allada àti Pobè. Àrùn yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè torí rẹ̀ pàdé ní Kútọnù ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Bí wọ́n bá fẹ́ rí kòkòrò rẹ̀, wọ́n lè fi oje egbò náà pa ojú gíláàsì, kí wọ́n fi aró pupa kùn ún. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́ kòkòrò náà dàgbà, ẹran náà kò gbọdọ̀ kan formol, nítorí formol ń pa á. Nítorí náà, kí dókítà tó gé e ni ó ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò wá.

Nígbà mìíràn, ẹbí aláìsàn ni wọ́n ń gbé ìgò náà fún. Ẹran kò ní ojú tí a fi lè mọ ẹni tí ó ni í. Bí orúkọ bá ṣì, wọ́n lè gé ọmú ẹni tí kò ní àrùn. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́: Nom ni orúkọ, Date ni ọjọ́.

Ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní, bí ẹni ń kọ ọ́ sára ìgò.