Ẹni Tí Omi Fẹ́ Gbé Kì Í Pariwo

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Òwe náà ò ṣòro. Àwa Yorùbá tó wà ní Chicago ń pa á fún ara wa bí onílé bá kọ̀ tí kò tún ẹ̀rọ amúlémóoru ṣe nígbà òtútù, tàbí bí ọ̀gá bá fẹ́ jẹ wá lówó iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan ni, létí púùlù ilé alájà púpọ̀ kan. Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ wà nínú omi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó gbójú sókè, irun dídì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ bà. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ìyá kan tó ki ẹsẹ̀ bọmi níbẹ̀ ló fà á jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ wọn kọ ẹ̀yìn sómi, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí a bi í, ó ní, "Kò ké." Ẹ̀gbọ́n wa kan sì gbè é lẹ́sẹ̀: "Òótọ́ ló sọ. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́."

Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi.

Ẹni tó ń rì kò lè ké. Frank Pia, tó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etí omi ní Orchard Beach ní New York, ló fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, tó sì ya fíìmù rẹ̀. Ẹnu onítọ̀hún á rì, á yọ, á tún rì. Ìgbà tó fi yọ kò ju èyí tó lè fi mí lọ; èémí wo ni yóò fi kígbe? Kò lè juwọ́, nítorí apá rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí orí lè yọ. Ó dúró lóòró, kò ta ẹsẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń ké, tó ń juwọ́, ṣì lágbára díẹ̀ nínú.

Ojú ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etí omi, kì í ṣe etí. Alákàn ń fi ojú ṣọ́ orí ara rẹ̀ nìkan. Orí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Kó máa wo igun dé igun, kó wo òkè omi, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ń kọ lójú omi tí kò ríran, kó dìde, kó paàrọ̀ ibi tó jókòó. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á, ṣùgbọ́n kó má gbójú kúrò lómi kí ẹni náà tó múra tán. Fóònù kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àwa òbí náà, ẹ jẹ́ ká yé lọ máa bá a ṣàwàdà, ká sì wà níbi tí ọwọ́ wa ti lè to ọmọ wa.

Ní adágún Michigan, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Memorial Day títí di Labor Day ni Chicago Park District ń fi ẹ̀ṣọ́ sétí omi, láti aago 11 àárọ̀ di aago 7 alẹ́. Bí wọ́n bá ta àsíá pupa, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Mo ti rí àwọn ará wa tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé, "A ti ọ̀nà jíjìn wá." Ẹ̀ṣọ́ tó bá gba ẹ̀bẹ̀ yẹn kò ṣe wá lóore.

N kò ní kí a ju òwe náà nù. Lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú sómi ní àdúgbò Rogers Park ní Chicago lọ́dún 2021, àwọn ẹbí rẹ̀ àti ará àdúgbò kò dákẹ́, títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òrùka ìdóòlà kọ́ sétí adágún. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ni òwe náà ń bá wí. Kò yẹ ká pa á fún ẹni tó wà nínú omi.

Ìyá ọmọdébìnrin inú púùlù yẹn pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun bi í pé kí ló dé tí kò pe òun. Ọmọ náà ní, "Mo ń pè yín, Mọ́mì. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"